Igi Ọwọ̀ Tí Mo Hú Tigbòǹgbò-tigbòǹgbò

Ohun àkọ́kọ́ tó wù mí ní erékùṣù yìí ni ohun tí wọ́n gbà mí síṣẹ́ láti pa.

Mi ò tíì mọ̀ lọ́jọ́ náà. Inú bọ́ọ̀sì ni mo wà ní oṣù karùn-ún, ẹ̀wù òtútù méjì ló wà lára mi, àwọn ọmọ ibẹ̀ sì ń wọ ṣòkòtò péńpé. Mo ti parí ìwé tí mo wá kà ní apá kejì Kánádà, ní ìlú kan tí mi ò mọ ẹnikẹ́ni dáadáa níbẹ̀ títí mo fi kúrò. Bọ́ọ̀sì yà ní kọ́nà, mo sì rí òkè kan tí òdòdó bò láti ìsàlẹ̀ dé ṣóńṣó, àwọ̀ bí ìyeyè tó pọ́n. Ọkàn mi lọ sílé. Mo rántí jogbo tó máa ń tanná lẹ́bàá ọ̀nà láti Ọlá sí Ẹ̀jìgbò nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí ọlọ́kadà á máa gba àárín rẹ̀ kọjá bí ẹni pé òun ni wọ́n ṣe ọ̀nà lọ́ṣọ̀ọ́ dè. Omijé bọ́ lójú mi. Mo fẹ́ ṣàlàyé omijé yẹn, nítorí pé obìnrin tó jókòó tì mí rò pé ara mi ò yá. Kì í ṣe ìbànújẹ́, kì í sì í ṣe ayọ̀. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn gbọ́ tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ láàárín ọjà tí kò ti mọ ẹnì kankan, tó bojú wẹ̀yìn, tó wá rí i pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń pè.

Mo ya àwòrán rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí Màámi. Wọ́n pè mí padà.

"Ibi tó dára báyìí ni Olúwa gbé ọ dé, o wá ń sunkún?"

Mi ò sọ fún wọn pé mo sunkún. Ohùn mi ni wọ́n gbọ́.

Lọ́jọ́ kẹta ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọgbà ìlú tó wà lórí àwọn òkè àpáta ni a ń tọ́jú. Ọ̀gá wa ń jẹ́ Lin, obìnrin tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, tí orúnkún ọ̀tún ń yọ lẹ́nu, tí kì í sì í sọ̀rọ̀ ju bó ti yẹ lọ. Mo kí wọn, mo ti tẹ orúnkún mi méjèèjì kí n tó rántí ibi tí mo wà.

"Kí ló ṣe ẹsẹ̀ rẹ?" ni Lin bi mí.

"Kò sí nǹkan, mà."

"Lin ni orúkọ mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Gúrì, ọmọ Íńdíà tí a jọ ń ṣiṣẹ́, yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí wọ́n má baà rí ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀. Òun ti lo ọdún mẹ́ta níbẹ̀. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé oṣù mẹ́fà ló gba òun kí òun tó lè pe orúkọ náà láì fi nǹkan kan tì í lẹ́yìn.

Lin mú wa lọ sí ìdí òkè olódòdó yẹn gan-an. Wọ́n gé ẹ̀ka kan, wọ́n gbé e sókè kí n rí i. "Igi ọwọ̀ nìyí," ni wọ́n wí. Wọ́n ṣàlàyé pé ní ilẹ̀ tó ti wá, àwọn ará àtijọ́ a máa di ẹ̀ka rẹ̀ pọ̀ fi gbálẹ̀, ibẹ̀ ló ti rí orúkọ. Ẹ̀ka náà tẹ́ẹ́rẹ́, ó le, ewé ara rẹ̀ kò sì tó èékánná ọmọ ọwọ́. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, ẹnì kan ló kó hóró rẹ̀ wá láti òkè òkun, tó gbìn ín síwájú ilé nítorí pé àárò ilé ń sọ ọ́.

"Díẹ̀ ló hù," ni Lin wí. Wọ́n nawọ́ sí gbogbo òkè náà. "Wo ohun tó dà."

Ó ń pa àwọn ewéko kéékèèké tó ti wà níbẹ̀ látilẹ̀wá. Ọ̀kan wà lára wọn tó máa ń yọ òdòdó aláwọ̀ aró, tó ní iṣu kékeré bí àlùbọ́sà nínú ilẹ̀. Àwọn tó ni ilẹ̀ náà kí òyìnbó tó dé máa ń wà á sè jẹ, àwọn ọmọ wọn sì ń wá wà á títí dòní. Níbi tí igi ọwọ̀ bá ti gbà, iṣu yẹn kì í rí oòrùn mọ́. Bí ooru bá mú, èèpo tó di hóró igi náà mọ́ra á máa bẹ́ tó, tó, tó, á máa ta hóró káàkiri. Bí iná bá sì ràn mọ́ ọn, òróró ara rẹ̀ kì í jẹ́ kó ṣeé pa bọ̀rọ̀.

"Ìyẹn ni pé," Gúrì sọ sí mi létí, "wọ́n kó èèyàn láti òkè òkun wá pa igi tó ti òkè òkun wá."

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà ṣe bí ẹni ń rẹ́rìn-ín.

Òfin tí Lin fún wa lọ́jọ́ yẹn kò pọ̀. Èyí tí kò bá nípọn ju pẹ́ńsù lọ, kí a fi ọwọ́ fà á nígbà tí ilẹ̀ bá tutù. Èyí tó bá ti dàgbà, kí a fi àlùmọ́gàjí ńlá ọlọ́wọ́ gígùn gé e mọ́lẹ̀ nígbà tó bá tanná, kí a fi ìdí rẹ̀ sílẹ̀ kó kú fúnra rẹ̀. "Ẹ má hú u. Ẹ má da ilẹ̀ rú." Wọ́n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbọ́. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mi ò gbọ́. Wọn ò sọ ìdí rẹ̀, èmi náà ò sì béèrè, nítorí pé nílé wa, bí àgbà bá ti ní kí o má ṣe nǹkan, o kì í bi wọ́n pé kí ló dé. Mo sì tún ka iṣẹ́ ọ̀gbìn ní yunifásítì. Ojú ń tì mí láti béèrè ohun tí mo rò pé ó yẹ kí n mọ̀.

Àkókò ìsinmi àárọ̀ ni mo máa ń pe ilé, nígbà tí ìrọ̀lẹ́ bá ti lẹ́ ní Ọlá. Bàbá á ṣẹ̀ṣẹ̀ ti mọ́ṣáláṣí dé, Màámi á máa múra ìpàdé àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bí ilé wa ṣe rí nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó kà á sí nǹkan. Bàbá pẹ́ ní Àbíjàn kí wọ́n tó padà wálé, Faransé ni wọ́n ṣì fi máa ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

"Ça va, ọmọ mi?"

"Ça va, Bàbá. Ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ẹ kú àdúrà."

"Iṣẹ́ wo lo ṣe lónìí?"

"A gé igi kan ni, Bàbá. Òun ló bo gbogbo òkè."

"Gbòǹgbò ńkọ́?"

"Wọ́n ní ká fi sílẹ̀."

"Ẹ gé igi, ẹ fi gbòǹgbò sílẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ṣé oko ìjọba ni?"

"Ti ìlú ni."

"Voilà," ni wọ́n wí, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ti yé pátápátá. Mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún Màámi pé, "Iṣẹ́ ìjọba ni. Ibi gbogbo ló rí bákan náà."

Kí ohun tí mo ṣe lẹ́yìn náà tó lè yé yín, ẹ ní láti mọ ohun tí èkan ṣe fún wa. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí Bàbá ti Àbíjàn dé, tí wọ́n bá èkan lórí ilẹ̀ tí bàbá wọn fi sílẹ̀ fún wọn. Koríko yẹn ti gba gbogbo rẹ̀, ó ga dé àyà èèyàn, orí rẹ̀ funfun, ó ń jó nínú afẹ́fẹ́. Àwọn tí wọ́n fi ilẹ̀ náà sọ́dọ̀ wọn kàn ń gé e lọ́dọọdún ni. Èkan tí a gé kì í kú. Ìdí rẹ̀ tó mú bí abẹ́rẹ́ á máa rìn lábẹ́ ilẹ̀, á sì yọ níbi mẹ́wàá. Ẹ̀ẹ̀rùn méjì gbáko ni àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Bàbá, Màámi àti èmi, fi hú u. A ó fi ọkọ́ tú ilẹ̀, a ó gbọn erùpẹ̀ kúrò lára gbòǹgbò, a ó tẹ́ ẹ sórí àpáta kí oòrùn pa á. Bàbá á máa rìn bọ̀ lẹ́yìn mi. Bí wọ́n bá rí ibi tí mo ti já a, tí ìyókù rẹ̀ ṣì wà nísàlẹ̀, wọn kì í nà mí, wọn kì í bú mi. Wọ́n á kàn dúró síbẹ̀ títí n ó fi padà wá wà á.

Nígbà kan, wọ́n sọ fún mi pé, "Mo fi ilẹ̀ sílẹ̀ pẹ́ jù. Ohun tí mo bá nìyí. Má fi nǹkan kan sílẹ̀."

Iṣu tí a gbìn sórí ilẹ̀ yẹn ló rán mi níléèwé. Nítorí náà, bí mo bá rí igi tó ń gba ilẹ̀, tí wọ́n sì ní kí n fi ìdí rẹ̀ sílẹ̀, ọwọ́ mi kì í gbà. Orí mi lè gbà, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kì í gbà.

Lọ́jọọ́ Sátidé, àwọn ará àdúgbò máa ń wá ràn wá lọ́wọ́. Bàbá àgbàlagbà kan wà lára wọn tó máa ń mú àlùmọ́gàjí tirẹ̀ wá látilé, tó máa ń fi òróró nù ún kó tó bẹ̀rẹ̀. Èèyàn dáadáa ni. Lọ́jọ́ kan ó dúró, ó nu òógùn, ó ní, "Kì í ṣe ti ibí. Ibi tó bá ti wọ̀, á gbà á tán. Bí a bá fi sílẹ̀, láìpẹ́ a ò ní dá ilẹ̀ ara wa mọ̀ mọ́." Ó gbójú sókè, ojú wa ṣe mẹ́rin, ojú sì tì í.

"Igi ni mò ń bá wí," ó sọ ọ́ kíákíá. "Kì í ṣe ìwọ."

"Mo mọ̀, sà. Ẹ má ṣèyọnu."

Ó tún padà wá lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan láti tọrọ àforíjì. Ó tún wá nígbà tí a fẹ́ máa lọ. Gbogbo ọjọ́ yẹn, èmi ni mò ń tù ú nínú, ó sì rẹ̀ mí ju igi gígé lọ.

Mi ò rò pé èmi àti igi náà jẹ́ ọ̀kan. Mo fẹ́ sọ èyí gbangba, nítorí pé ó rọrùn láti sọ, àánú ara ẹni sì máa ń dùn lẹ́nu. Igi yẹn ń pa nǹkan, mo fi ojú mi rí i. Ohun tó ń dà mí láàmú kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ: ìgbàkúùgbà tí wọ́n bá sọ pé ohun kan kò yẹ kó wà níbí, ara mi máa ń gbọ́ kí etí mi tó gbọ́. Àyà mi á já, n ó wá dúró, n ó máa ṣàlàyé fún ara mi pé kì í ṣe èmi. Èèyàn tó ń ṣàlàyé bẹ́ẹ̀ fún ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lójúmọ́, kò sí bí kò ṣe ní rẹ̀ ẹ́.

Mo sì ní ìdí láti máa ṣọ́ra. Ìwé àṣẹ iṣẹ́ mi yóò parí ní oṣù kẹfà ọdún tó tẹ̀ lé e. Bí Lin bá kọ̀wé sí ọ́fíìsì ìlú pé àwọn ṣì nílò mi, wọ́n á gbà mí fún ìgbà mìíràn, mo sì lè fi ìyẹn tọrọ ìwé tuntun. Bí wọn ò bá kọ ọ́, n ó padà sílé. Kò sí ohun tó burú nílé. Ṣùgbọ́n mo mọ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe sí ẹni tó padà lọ́wọ́ òfo, ní Ẹ̀jìgbò wa níbi tó jẹ́ pé agbára káká lo fi máa rí ilé tí kò ní ẹnì kan ní Àbíjàn. Wọ́n á kí i dáadáa, wọ́n á bi í léèrè ọ̀nà, lẹ́yìn náà wọ́n á dákẹ́. Mo rí Bàbá nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn fún ọdún méjì, tí wọ́n ń hú èkan.

Ní oṣù kẹwàá, Lin lọ fún iṣẹ́ abẹ orúnkún. Oṣù méjì ni wọn ò ní sí níbẹ̀. Wọ́n pín òkè fún wa kí wọ́n tó lọ. Gúrì gba apá òkè, èmi gba ìsàlẹ̀ kan tó fẹ̀ bí pápá bọ́ọ̀lù iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

"Gé àwọn tí a ò rí gé nígbà tí wọ́n tanná, kó o kó wọn jọ," ni wọ́n sọ fún mi. "Mo gbẹ́kẹ̀ lé ọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn kó sí mi lórí. Kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún mi láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé. Mo fẹ́ ṣe ju ohun tí wọ́n rán mi lọ, kí wọ́n dé, kí ẹnu yà wọ́n, kí wọ́n lọ jókòó kọ ìwé náà lẹ́sẹ̀kan náà.

Ọjọ́ méjì ni mo fi gé e bí wọ́n ṣe wí. Lọ́jọ́ kẹta, mo rí ìdí mélòó kan tí wọ́n gé lọ́dún tó kọjá, tí wọ́n ti tún rú. Mo dúró níwájú wọn bí Bàbá ṣe máa ń dúró. Mo lọ sí yàrá irinṣẹ́, mo rí ọkọ́ kan tí wọ́n fi ń gbẹ́ ihò igi, irin rẹ̀ nípọn, èèkù rẹ̀ gùn jù. Mo mú un.

Gúrì sọ̀ kalẹ̀ wá. "Lin ní ká má hú u."

"Wo èyí tó tún rú."

"Mo ti rí i. Lin ní ká má hú u."

"Ṣé o ti ro oko rí, Gúrì?"

"Bàbá mi ní oko àlìkámà. Èmi ni mo máa ń gbé tíì lọ fún wọn."

"Ó dáa. Lọ gbé tíì mi wá."

Ó wò mí, ó mi orí, ó padà sókè.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi ṣe é. Òjò ti mú ilẹ̀ rọ̀, ọkọ́ ń wọlé bí ẹní wọ àkàrà. Mo ń hú wọn tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, mo ń gbọn erùpẹ̀ kúrò, mo ń tẹ́ wọn sórí àpáta. Ọwọ́ mi bó, ẹ̀yìn ń ro mí, inú mi sì dùn lọ́nà tí mi ò rí irú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí mo ti wà ní orílẹ̀-èdè yìí. Fún ìgbà àkọ́kọ́, mo ń ṣe ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe. Nígbà tí mo parí, ilẹ̀ náà dúdú, ó rọ̀, ó mọ́ tónítóní. Díẹ̀ ló kù kí n kọ ebè sí i.

Mo pe Bàbá lórí fídíò.

"Sọ fóònù yẹn sílẹ̀ díẹ̀ kí n rí ilẹ̀," ni wọ́n wí.

Mo sọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n wò ó pẹ́.

"Ìwọ nìkan?"

"Èmi nìkan, Bàbá."

"Màmá, wá wo iṣẹ́ ọmọ ẹ." Wọ́n gbé fóònù fún Màámi, wọ́n tún gbà á padà. "Nísinsìnyí lo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kí wọ́n wá kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ."

Mo rìn dé ilé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yẹn. Mi ò fi ẹ̀rọ ìgbọ́rin sétí, mi ò wo fóònù mi. Mo kàn ń rìn.

Lin padà dé pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́. Mo ṣáájú wọn lọ sí ìsàlẹ̀ náà, mo ti to ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ sílẹ̀. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, wọ́n ti dúró.

"Ta ló kọ́ ọ báyìí?"

"Bàbá mi, mà. Àgbẹ̀ ni wọ́n."

Wọn ò bínú. Ìbá sàn ká ní wọ́n bínú. Wọ́n fi ọ̀pá ti ara wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìnira, wọ́n bu erùpẹ̀ ẹ̀kúnwọ́, wọ́n la ọwọ́ níwájú mi. Hóró dúdú kéékèèké wà nínú rẹ̀, ó ń dán.

"Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ti ń bọ́ sílẹ̀," ni Lin wí. "Bí ilẹ̀ kò bá rú, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn á máa sùn. Ìdí tí a kì í fi í hú u nìyẹn. O ti kó gbogbo wọn wá sókè."

Mo tẹjú mọ́ hóró náà.

"Kí ló dé tí o ò béèrè ìdí lọ́wọ́ mi?"

"Ẹ ti sọ pé kí n má ṣe é, mà."

"O sì ṣe é."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ọkàn mi ń sọ fún mi pé kí n dákẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti bà mí jù. "Ìwé tí ẹ fẹ́ kọ fún mi yẹn ńkọ́?"

Lin da erùpẹ̀ náà sílẹ̀, wọ́n nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò wọn. "Jẹ́ ká kọ́kọ́ rí ohun tó máa hù," ni wọ́n wí.

Òjò rọ̀ láti ọjọ́ yẹn títí di ìgbà tí mi ò rántí mọ́. Kì í ṣe òjò tiwa tó máa ń pariwo, tó sì máa ń dá. Ó kàn wà níbẹ̀ ni. Agogo mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ á ti ṣú. Mò ń gbé yàrá abẹ́ ilé kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí taya mọ́tò onílé. Mo máa ń se ìrẹsì lọ́jọ́ Àìkú, n ó jẹ ẹ́ títí di Ọjọ́bọ̀. Màámi ń fi ohùn ránṣẹ́, wọ́n ń gbàdúrà, wọ́n ń dárúkọ àwọn tó ń kí mi: ìyàwó pásítọ̀, àbúrò wọn tó wà ní Àrá, tíṣà mi àtijọ́. Mo máa ń gbọ́ orúkọ wọ̀nyẹn lẹ́ẹ̀mejì-mẹ́ta, bí ẹni ń jẹun díẹ̀díẹ̀ kó má baà tán.

Bàbá ò yé béèrè ilẹ̀ náà.

"Ilẹ̀ rẹ ńkọ́?"

"Ó wà dáadáa, Bàbá."

"Ọ̀gá rẹ ti rí i?"

"Wọ́n ti rí i."

"Kí ló sọ?"

"Wọ́n ní mo ṣiṣẹ́ gan-an."

Bí mo ṣe ń purọ́ fún wọn nìyẹn, lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Mi ò purọ́ nítorí pé mò ń bẹ̀rù wọn. Mo rò ó dáadáa, mo sì mọ̀ pé ohun tí wọ́n ní láti fún mi nígbà tí mò ń kúrò nílé kò pọ̀, bí a ṣe ń ro oko wà lára rẹ̀, èmi ò sì fẹ́ jẹ́ ẹni tí yóò sọ fún wọn pé kò wúlò níbí.

Ní òpin ọ̀sẹ̀, n ó lọ sí ìsàlẹ̀ yẹn, n ó kúnlẹ̀, n ó máa wo ilẹ̀. Lọ́jọ́ kan Gúrì bá mi níbẹ̀. Ó gbé fúláàsì tíì dání. Kò sọ pé òun ti kìlọ̀ fún mi. Ó bu tíì fún mi, ó ní, "Bàbá mi kì bá tiẹ̀ jẹ́ kí n fọwọ́ kan ọkọ́ yẹn. Ó ní màá gé ara mi lẹ́sẹ̀." A rẹ́rìn-ín, fún ìgbà díẹ̀ ó sì rọrùn.

Wọ́n hù ní oṣù kẹta. Mo dé ibẹ̀ lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, mo rò pé ewéédò ni. Mo bẹ̀rẹ̀, mo wò ó. Igi ọwọ̀ ni, ewé mẹ́ta-mẹ́ta, wọ́n kún bí ìgbà tí wọ́n fọ́n èso tẹ̀tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kànga. Mo fẹ́ ka iye tó wà ní ibi tó tó fífẹ̀ àtẹ kan. Mo fi í sílẹ̀. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé kí n lọ sílé, kí n dùbúlẹ̀, kí n jẹ́ kí Lin fúnra wọn rí i.

Mo lọ sí ọ́fíìsì wọn. Wọ́n ń jẹ búrẹ́dì lórí tábìlì.

"Wọ́n ti yọ, mà. Gbogbo ibẹ̀ ni."

"Kí lo fẹ́ ṣe sí i?"

Mi ò mọ̀ pé mo ti ń rò ó látìgbà òjò. Mo ní n ó fi ọwọ́ tu wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan nígbà tí ilẹ̀ ṣì tutù, n ó sì ṣọ́ ọwọ́ mi kó má baà tú ilẹ̀ sí i. Mo ní nílé wa, bí a bá hú èkan tán, ẹ̀gúsí la máa ń gbìn síbẹ̀ kí ìtàkùn rẹ̀ bo ilẹ̀ mọ́ èyí tó kù lójú. Ṣé kò sí koríko ibí tó lè ṣe bẹ́ẹ̀? Mo ní n ó padà síbẹ̀ ní gbogbo ìgbà ìrúwé.

"Fún ọdún mélòó?" ni Lin bi mí.

"Mi ò mọ̀, mà. Hóró yẹn máa ń pẹ́ tó mélòó kó tó kú?"

Lin gbé búrẹ́dì wọn sílẹ̀. "O béèrè," ni wọ́n wí. Wọ́n sọ fún mi pé ó lè pẹ́ ju iye ọdún tí àwọn fúnra wọn ní níwájú láti fi ṣiṣẹ́ lọ.

Láti ọjọ́ náà, orúnkún mi ni mo fi ń ṣiṣẹ́. Mo fa, mo fa, mo fa. Ní oṣù karùn-ún, nígbà tí òkè tó kù tún ti kún fún òdòdó, Lin pè mí, wọ́n fún mi ní ìwé kan kí n kà á kí wọ́n tó fi ránṣẹ́. Kò gùn. Wọ́n kọ ọ́ pé mo da ilẹ̀ kan rú lòdì sí ohun tí àwọn wí. Wọ́n kọ ọ́ pé hóró tó jí níbẹ̀ yóò gba ọ̀pọ̀ ọdún kó tó tán, pé èmi ni mo wá sọ fún wọn kí wọ́n tó rí i, pé kò sí ẹni tó mọ ilẹ̀ yẹn tó mi. Gbólóhùn tó parí rẹ̀ ni pé àwọn nílò mi.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ti máa ń fọkàn yàwòrán ìwé náà ní gbogbo òru òjò, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìyìn nínú rẹ̀.

"Ṣé nǹkan kan wà níbẹ̀ tí kì í ṣe òótọ́?" ni Lin béèrè.

"Kò sí, mà."

Ọ́fíìsì ìlú gbà á. Ìwé àṣẹ tuntun dé ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú èyí tí ti àtijọ́ máa parí. Mo dúró kí ayọ̀ dé. Ó dé, ṣùgbọ́n ó ti rẹ òun náà, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Àṣìṣe mi ló fún mi láyè láti dúró. Mo ti yí i síwá sẹ́yìn, mo ti gbìyànjú láti sọ ọ́ lọ́nà mìíràn, bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Mo ní ibi kan báyìí ní orílẹ̀-èdè yìí tí wọn ò lè ṣe láìsí mi, nítorí pé èmi ni mo bà á jẹ́.

Láti orí ilẹ̀ náà ni mo ti pe Bàbá, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, láti orí ọkọ́ dé orí irọ́. Mo gbọ́ tí Màámi ń dúpẹ́ nítorí ìwé àṣẹ, tí wọ́n ń pe orúkọ Olúwa lẹ́yìn wọn.

"Ṣé ohun tí ò ń sọ ni pé èmi ni mo bà á jẹ́ fún ọ?" ni Bàbá wá béèrè.

"Rárá, Bàbá. Èmi ni mi ò béèrè."

"Èkan kì í ní hóró tó ń sùn bẹ́ẹ̀."

"Kì í ní, Bàbá. Ohun tí ẹ kọ́ mi dára fún èkan."

Mo rò pé wọ́n fẹ́ bínú. "Ọdún mélòó ni wọ́n ní ó máa gbà?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, mi ò mọ̀."

"Má tún parọ́ fún mi."

"Wọ́n ní ó lè pẹ́ gan-an. Ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n fún mi, ọdún méjì ni. Lẹ́yìn ọdún méjì, mo lè máa bọ̀."

"Nígbà tí mò ń lọ sí Àbíjàn," ni Bàbá wí, "ọdún méjì ni mo sọ fún ìyá mi."

Wọn ò pa fóònù. Mo fi í sínú àpò àyà ẹ̀wù mi, mo kúnlẹ̀, mo sì ń tu àwọn tó ṣẹ́ kù. Mò ń gbọ́ èémí wọn, mò ń gbọ́ tí ewúrẹ́ ẹnì kan ń ké ní àgbàlá wa. Mo ti tu ìlà kan tán, mo ti bọ́ sí èkejì, kí wọ́n tó sọ pé àwọn fẹ́ lọ kírun.